Ìrìn alẹ́ láti ilé ọtí dé ilé ọtí ní Kàbà, pẹ̀lú ìtàn òkú olólùfẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Owé

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ Kérésìmesì ni mo bá wá. Àwa tí a jọ ka ìwé máa ń pàdé ní Kàbà lọ́dọọdún tí àwọn ará Èkó àti Àbújá bá ti wálé. Bákan náà ló sì máa ń rí: a ó jókòó sójú kan, sípíkà á máa han létí wa, a ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa, a ó mu, a ó sanwó, a ó tú ká. Lọ́dún yìí mo fẹ́ ká ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílùú òyìnbó: ẹnì kan á máa kó èrò láti ilé ọtí kan dé òmíràn lálẹ́, bí wọ́n bá ti dé ibì kan, á sọ ìtàn òkú tó ń rìn níbẹ̀, wọn á mu díẹ̀, wọn á tún sún síwájú. Ìtàn ìfẹ́ tó forí ṣánpọ́n nìkan ni mo fẹ́. Ẹni tó kú nítorí olólùfẹ́, ẹni tó kú tí kò gbà láti lọ.

Irú ìtàn wo la lè sọ ní ilẹ̀ Òkun, láàárín àwa Yorùbá Kogí, tí kò ní dá ìjà sílẹ̀? Ilé ọtí mélòó ló tó? Ààbò ńkọ́? Èmi ni mo dábàá rẹ̀, orí mi ni gbogbo ẹ̀ máa dà lé, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Yàgbà ní York

Òkun, àbúrò. Ìlú tí mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, òkú ni wọ́n fi ń ṣòwò. Láti 1973 ni ìrìn òkú kan ti wà níbí, wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé, ó sì ń lọ títí di òní. Ilé ọtí àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Golden Fleece, wọ́n ní òkú tó wà níbẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn ìfẹ́ tó dùn jù kò sí nílé ọtí, Theatre Royal ló wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé. Wọ́n ní obìnrin kan tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé òun ò ní lọ́kọ ló kó sínú ìfẹ́ ọkùnrin ọlọ́lá kan. Àṣírí tú. Wọ́n fi ògiri mọ ọ́n mọ́ inú yàrá láàyè. Òun ni wọ́n ń rí títí dòní, nínú aṣọ eléérú. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn òṣèré ibẹ̀ ń wá a lójú méjèèjì, wọ́n ní tó bá ti yọjú, eré náà máa tà.

Mo ti fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń sọ ìtàn kì í wọlé sọ ọ́. Ìta ló máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ní kọ̀rọ̀ kan, kó má bàa máa bá ariwo ọlọ́tí du ohùn. Ìtàn kan kì í gùn. Á sì máa nawọ́: fèrèsé yẹn, àtẹ̀gùn yẹn, igun ibẹ̀ yẹn. Ìtàn tí kò ní ibi tí ẹ lè nawọ́ sí kì í mú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó bá sọ ọ́ tán ni wọ́n tó ń wọlé lọ mu. Tí àkókò bá tó, wọ́n gbéra, ẹni tí kò bá tíì mu tán á fi tiẹ̀ sílẹ̀. Wọn kì í dúró de ọ̀mùtí.

Ìyá Ẹlẹ́mu

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ń ta ẹmu àti bíà, mi ò ní sọ ibi tí mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀.

Lọ́dọ̀ òyìnbó, tí wọ́n bá ní òkú wà nílé ọtí rẹ, èrò á pọ̀ sí i. Níbí, tí ẹ bá fẹnu yín sọ ọ́ lójú èrò pé òkú obìnrin kan máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní mọ́ kó tó dọ́jà, onílé á sì ní kí n wá kó ẹrù mi. Ẹ má so ìtàn mọ́ ilé ọtí ẹnikẹ́ni láì gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ọ̀nà, mọ́ igi, mọ́ odò, mọ́ gáréèjì. Kí ẹ wá wọlé sọ́dọ̀ mi wá fi ẹmu fọ ìbẹ̀rù kúrò lọ́nà ọ̀fun.

Nípa ẹmu, ẹmu àárọ̀ tó bá dalẹ́ ti kan. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣì ń dùn, ẹ bá adẹ́mu sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó fi ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún yín. Nínú oṣù Kérésìmesì, gbogbo agbè rẹ̀ ló ti lólúwa: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ilé ṣíṣí. Ẹja àrọ̀ náà, ààyè la ti ń mú un, kò ṣeé sáré sè. Ẹ má ya dé bí esú kí ẹ wá ní kíá lẹ fẹ́ jẹun. Ẹ sọ iye èèyàn, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀. Ògógóró, bí ẹ bá máa rìn, ẹ fi sílẹ̀ di ibi tó kẹ́yìn, ẹ má sì fi bíà lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ahá mi lọ. Ọdọọdún ni mò ń ra tuntun, tẹ́ ẹ bá sì wo ilé àwọn ọmọ Àbújá wọ̀nyí, ibẹ̀ lẹ máa bá wọn, wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ògiri.

Ọmọ Odò

Kí ló dé tó jẹ́ Kàbà? Èmi ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀ o. Lọ́kọ́jà ni ìtàn wà, ẹ gbé ìrìn yín wá sétí omi.

Odò tó wà níwájú wa yìí, Ọya ni. Nígbà tí Ṣàngó wọlẹ̀ ní Kòso, Ọya kò lè gbélé ayé mọ́ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, òun náà wọlẹ̀ ní Ìrá, ó di odò. Ìyàwó mélòó ló ṣe irú ẹ̀ rí? Ẹ jókòó síbi tí Ọya àti Bénúè ti pàdé, ẹ wo omi méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn tí àwọ̀ wọn kò tíì dà pọ̀, kí ẹ sọ ìtàn yẹn. Kò sí pé a ń wá òkú kiri.

Tó bá sì jẹ́ òkú òyìnbó lẹ fẹ́, ibojì wọn wà ní Lọ́kọ́jà. Lugard náà wà, ẹni tó gbé àsíá òyìnbó sókè níbẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1900. Àwọn tó ń kọ́ wa nílé ìwé ò sọ fún wa pé obìnrin wà nínú ohun tó gbé e wá sí Áfíríkà. Lọ́dún 1887 ó wà lójú ogun ní Burma nígbà tó gbọ́ pé obìnrin tó ń fẹ́ ti fara pa nínú ìjàǹbá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ó pa iṣẹ́ tì, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá ọkùnrin mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dàrú, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, bí ikú bá pa á kò kàn án. Ikú ò pa á, ó wá ń ṣe olórí wa. Ìgbà tó di 1902 ló tó fẹ́ Flora Shaw, obìnrin oníròyìn tó kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn ní 1897. Ẹ gun Òkè Patti lọ síbi ilé ìsinmi rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ bí oòrùn bá ń wọ̀.

Àgbà Ìjùmú

Ọmọ Odò, o káre. Ṣùgbọ́n Lugard kì í ṣe òkú tó ń rìn, ọkùnrin tí obìnrin já sílẹ̀ ni. Tí a bá ní ká máa ka irú wọn, gbogbo wa la máa tò. Ti Ọya yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ta ló máa kó ọ̀mùtí gba ọ̀nà Ọbájànà padà sí Kàbà lóru? Kí kálukú ṣe tiẹ̀ nílùú tiẹ̀.

Ọmọ Owé, òkú olólùfẹ́ tiwa ni àkúdàáyà, òun ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀. Òkú òyìnbó kì í kúrò níbi tó kú sí, orí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló máa wà fún 200 ọdún. Tiwa á dìde, á lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á háyà yàrá, á wáṣẹ́, á tún fẹ́ ìyàwó bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá fojú kàn án ló máa pòórá.

Èyí tí ìyá ìyá mi máa ń sọ nìyí. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìjùmú, àwọn ẹbí méjèèjì ti mọ ara wọn, ìyàwó ku ká gbé e. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń bá ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́. Ibà mú un, ó kú, wọ́n sin ín. Orí ìka kan lọ́wọ́ òsì ọmọkùnrin yìí ti gé láti kékeré, àdá ló gé e. Nígbà tó yá, àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà gbé aṣọ lọ tà lọ́jà kan lọ́nà Ìlọrin. Ó fẹ́ ra iyọ̀. Ẹni tó ń wọn iyọ̀ fún un ń fi ọwọ́ òsì gé ojú kóńgò kó má kún jù. Obìnrin yìí rí ìka kó tó rí ojú. Ó pe orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ò sá, kò sì sẹ́. Ó fi èènì sí iyọ̀, ó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó ní, "Ìyá, ẹ má sọ fún un."

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní sọ? Ó délé, ó sọ. Ọmọbìnrin ò jẹ, kò mu, ó wá ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí obìnrin aláṣọ kúrò ni oníyọ̀ náà san gbèsè tó jẹ ìyá olóúnjẹ, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, ó lọ. Wọ́n ṣí yàrá fún un. Kóńgò ló wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

Tí o bá sọ ọ́ débẹ̀, pa ẹnu dé. Má fi ẹ̀kọ́ kankan kún un. Kàn bi èrò pé, ta ló jẹ̀bi, obìnrin tó sọ ni, àbí ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n fi pamọ́? Wọn á máa jà á títí dé ilé ọtí kejì, ìwọ á sì ti rí ọ̀nà kó wọn.

Ohun méjì ni mo kọ̀. Má fi ikú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ṣe ìtàn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ nítorí ìfẹ́, má dárúkọ rẹ̀, má júwe ilé wọn, kódà bó ti pẹ́. Kàbà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. O lè máa sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n olóògbé wà lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ọ.

Ọmọ Ìhìnrere

Láti 1908 tí Titcombe, òyìnbó oníwàásù, ti mú ìhìnrere dé Ẹ̀gbẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti ń jáde kúrò nínú òkùnkùn, ẹ̀yin fẹ́ fi bíà padà sínú rẹ̀. Ẹ ń pe ohun tí ẹ ò ní lè lé lọ.

Ọmọ Owé

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. A ò ní pe ẹnikẹ́ni, ìtàn la fẹ́ sọ, bí àwọn òbí wa ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́ òṣùpá. Bí ẹ bá wá, a ní máàtì fún yín.

Bùnú Aláṣọ

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ aṣọ. Ní ìlú òyìnbó, ẹni tó ń kó èrò máa ń wọ aṣọ dúdú gígùn àti fìlà gíga. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ fi aṣọ wa dípò rẹ̀. Ẹ rọra.

Aṣọ pupa wa, aṣọ ìpò, tí àwọn ìyá wa ní Bùnú ń hun lórí òfì àdúróhun, ti ìsìnkú ènìyàn ńlá ni, ti eégún sì ni. Kì í ṣe aṣọ ìṣeré. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ sílé ọtí, èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bá a jà. Ẹ má da aṣọ bojú náà. Eégún ní àwọn tó ni ín, ó sì ní ọjọ́ tó ń jáde. Kí ẹ tó mú ọjọ́ gan-an, ẹ rán ẹnì kan lọ sí ààfin Ọbáro, ọba Kàbà, lọ béèrè bóyá kò sí orò ilẹ̀ kankan lálẹ́ ọjọ́ náà, pàápàá bí obìnrin bá máa wà láàárín yín.

Aṣọ funfun gan-an ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ti ẹbọra ni. Ìtàn ìfẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹ ò rántí: obìnrin tó ní ọkọ nínú òkúta tàbí nínú omi kó tó ní ọkọ lóde ayé. Ọkọ ilé á máa rò pé òun nìkan ni. Ìyàwó á lá àlá, ọmọ á máa ṣàìsàn, wọn á lọ wádìí, wọn á ní ọkọ àkọ́kọ́ ló ń bínú, àfi kí wọ́n wá aṣọ funfun fún un. Mo máa ń wo ọkọ ilé nínú ìtàn yẹn, mo sì máa ń káàánú rẹ̀: ta ló máa bá jà? Ẹ lè sọ èyí nílé ọtí kejì. Kò sí ẹni tó kú níbẹ̀, ìfẹ́ náà kò sì ní ìparí.

Kí olùsọ̀tàn wọ bùbá àti ṣòkòtò, kó gbé àtùpà oníkẹrosíìnì lọ́wọ́. Ó tó.

Ìyàwó Ilé, Louisiana

Ẹ kú àsọyé. Lọ́dọ̀ wa ní New Orleans, ìrìn ilé ọtí pẹ̀lú òkú pọ̀ lálẹ́. Ìtàn Julie ni wọ́n máa ń sọ ní òpópónà Royal. Ọmọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára rẹ̀ ni, òyìnbó kan ń fẹ́ ẹ ní ìkọ̀kọ̀, kò sì lè gbé e níyàwó. Ó ń rọ̀ ọ́ ṣáá pé kó gbé òun níyàwó. Ọkùnrin náà wá fi ṣeré, ó ní tó bá lè sun orí òrùlé ní ìhòòhò nínú òtútù oṣù Kejìlá títí ilẹ̀ á fi mọ́, òun á fẹ́ ẹ. Ó bọ́ sílẹ̀ lọ ta ayò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò rò pé ó máa ṣe é. Ilẹ̀ mọ́, ó bá òkú rẹ̀ lókè. Wọ́n ní alẹ́ tó bá tutù jù ní oṣù Kejìlá ló máa ń rìn lórí òrùlé yẹn.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé òtútù ara àwọn tó ń gbọ́ ló ń sọ ìdajì ìtàn náà. Ẹ ní ọyẹ́ ní Kàbà. Ẹ mú ìtàn tí ọyẹ́ wà nínú rẹ̀.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Òkènè

Mo ní ọ̀kan tí ọyẹ́ wà nínú rẹ̀. Ibi gbogbo tí mọ́tò ń gbà ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kálukú ní í fi orúkọ ọ̀nà tiẹ̀ sí i. Nínú ọyẹ́, òwúrọ̀ kùtù, obìnrin kan da ọkọ̀ dúró, ó wọ aṣọ tuntun, ó di gèlè dáadáa. Ó ní ilé ọkọ òun lòun ń lọ, wọ́n ń retí òun. Kọndọ́kítọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò ó. Wọ́n dé ibi tó ní òun á bọ́ sí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo. Kọndọ́kítọ̀ wá tú àpò rẹ̀, ó bá ẹyọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Àwọn àgbà gáréèjì ní ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ ni, ọkọ̀ tó gbé e kò dé. Gbogbo ọdún ló ń wọ ọkọ̀. Kò débẹ̀ rí.

Ẹ sọ ọ́ ní gáréèjì, ibẹ̀ lọ̀nà Lọ́kọ́jà, Òkènè, Èkìtì àti Ìlọrin ti ń yà. Kí ẹnì kan ti di ẹyọ kọ́bọ̀ mọ́wọ́. Tí ìtàn bá parí, kó fi lé ẹni tó ń fi ẹnu yẹ̀yẹ́ jù lọ́wọ́.

Ẹ̀ṣọ́ Ìlú

Ọ̀rọ̀ ààbò: inú ìlú ni kí ó mọ. Kò gbọdọ̀ sí ilé ọtí kankan nínú ètò yín tó máa ní kí ẹ wọ ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú kò dára lálẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀, nítorí náà kí ẹni tó ti Mọ̀pà tàbí Ìyàrá wá ti wá ibi tó máa sùn sí. Kí ago méje tó lù, ilẹ̀ á ti ṣú, ó ti tó fún ìtàn òkú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, kí ẹ parí kí ago mẹ́wàá tó lù. Ẹ sọ fún fijilánté àti ọlọ́pàá. Bí èrò bá ń tẹ̀ lé ẹni tó gbé àtùpà nínú òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ lè pàdé ìbọn. Kí ẹni méjì tí kò mu rárá wà níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n ka èèyàn ní ilé ọtí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbéra.

Ọmọ Owé

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí ọ̀nà. Ilé ọtí 3, kì í ṣe 5 tí mo ní lọ́kàn. Àkúdàáyà oníyọ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú gbogbo èèyàn ṣì dá. Ọkọ inú òkúta ni ìkejì. Ìyàwó gáréèjì la ó fi parí, ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́mu la ó sì sùn sí, mo fẹ́ sọ pé la ó jókòó sí. Màá lọ sí ààfin. Àgbà Ìjùmú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó sọ̀tàn, ẹ má kọ̀ fún mi.

Àgbà Ìjùmú

Màá wá, bí ẹ bá máa pa sípíkà. Mi ò ní bá ẹ̀rọ du ọ̀rọ̀ sọ.

Ọkọ Ìyàwó

Ṣé a lè mú ìyàwó wa wá? Mo rò pé tó bá gbọ́ ti oníyọ̀ yẹn, á jẹ́ kí n máa ráyè jáde.

Bùnú Aláṣọ

Mú un wá. Ti ọkọ inú òkúta ni kí ìwọ fara balẹ̀ gbọ́.

Ìyá Ẹlẹ́mu

Mo ti bá adẹ́mu sọ̀rọ̀. Ó ní ẹmu ìrọ̀lẹ́ wà, àmọ́ ó fẹ́ mọ iye agbè kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó wọlé, torí ẹnì kan ti wá bá a nítorí ìsìnkú. Ọmọ Owé, fi iye èèyàn ránṣẹ́, kí o ya iye àwọn tó fẹ́ ẹja sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó fẹ́ ẹran ewúrẹ́. Ẹja àfẹnusọ, mi ò ní gbé e kaná.